OÒGÙN IBÀ: KÍ LÓ WÀ NÍNÚ ÀGBO, KÍ LÓ WÀ NÍNÚ HÓRÓ OÒGÙN?

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, pàápàá nígbà òjò tí ibà ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Àwọn kan á ní, "Àgbo ni tèmi o, n kì í lo oògùn òyìnbó." Àwọn mìíràn á ní, "Àgbo kẹ̀? Ẹ lọ ra hóró oògùn, ẹ yé fi ewé yọ ara yín lẹ́nu." Àwọn ẹlẹ́wé ọmọ wà nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn tó ń ta oògùn nínú ìgò àti páálí náà sì wà ládùúgbò ọjà. A kò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé oògùn ibà méjì tó lókìkí jù láyé, inú èèpo igi àti inú ewé ni wọ́n ti mú wọn jáde. Àwọn tó ń já ewé ló kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, ife àgbo kan àti hóró oògùn kan kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwọ̀n ló wà láàárín wọn. Àwa ọlọ́jà ló sì yẹ kó tètè yé ohun tí ìwọ̀n ń jẹ́.

KÍ LÓ Ń FA IBÀ?

Àwọn kan gbà pé oòrùn ló ń fa ibà. Àwọn mìíràn ní epo àti ẹ̀pà ni. Oòrùn àti iṣẹ́ àṣejù lè mú kó rẹ ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fa ibà. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Dókítà ará Faransé kan, Alphonse Laveran, ló kọ́kọ́ rí i nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn nílẹ̀ Algeria ní ọdún 1880. Ní 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò náà ń dàgbà sí.

Bí abo ẹ̀fọn tó gbé kòkòrò yìí bá jẹ wá, kòkòrò á kọ́kọ́ sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, á jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹ ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tí yóò máa bí sí i. Ìgbà tó bá ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀ ni ara ń gbóná, tí òtútù ń mú ni, tí orí ń fọ́, tí ẹnu ń korò.

Nítorí náà, oògùn ibà gidi ni èyí tó lè pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó kàn ń mú kí ara tutù kò tíì wo ibà. Parasitamọ́ọ̀ ń mú ara tutù, kò pa kòkòrò kan. Àwọn àgbo mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ara á balẹ̀ lónìí, a ó rò pé ó ti tán, kòkòrò sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bí sí i.

ÈÈPO IGI TÓ DI KÓNÍÌNÌ

Ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lórí àwọn òkè ńlá ilẹ̀ Peru, Bolivia àti Ecuador, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní cinchona. Èèpo rẹ̀ korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Láàárín ọdún 1600 sí 1700, àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà tó wà níbẹ̀ fi èèpo náà ránṣẹ́ sí Yúróòpù. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ wáìnì, wọ́n á gbé e fún aláìsàn. Ṣebí àgbo náà nìyẹn? Ara àwọn kan yá. Àwọn mìíràn mu ún, bí ẹni mu omi lásán ló rí. Agbára igi kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, àwọn oníṣòwò kan sì ń da èèpo igi mìíràn pọ̀ mọ́ ọn kí ó lè pọ̀.

Ní 1820, ní ìlú Paris, àwọn apoògùn méjì, Pierre Pelletier àti Joseph Caventou, yọ ohun náà gan-an tó ń pa ibà jáde nínú èèpo. Kóníìnì ni wọ́n pè é. Láti ọjọ́ náà ni a ti lè gbé oògùn ibà lé òṣùwọ̀n, kí a mọ iye tó yẹ àgbà, kí a mọ iye tó yẹ ọmọdé.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe nílẹ̀ wa níhìn-ín. Ní 1841, àwọn òyìnbó kó ọkọ̀ gba Odò Ọya wá. Ó lé ní 40 nínú wọn tó kú, ibà ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ní 1854, Dókítà Baikie tún gba odò kan náà wá nínú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Pleiad, ó sì ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ní kóníìnì. Wọ́n lo bí oṣù mẹ́rin lórí omi, ibà kò pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. Èèpo igi yìí wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún òyìnbó láti wọ inú ilẹ̀ wa ṣòwò, kí wọ́n tó wá di ìjọba lé wa lórí.

Ẹni tó mọ igi náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Bolivia kan, Manuel Incra Mamani, ló mọ èyí tó lágbára jù. Òun ló wá èso rẹ̀ fún oníṣòwò òyìnbó kan tó ń jẹ́ Charles Ledger. Ìjọba ilẹ̀ Họ́láńdì ra nínú èso náà ní 1865, wọ́n gbìn ín sí erékùṣù Java. Kóníìnì inú èèpo àwọn igi tó kù kì í sábà ju ìdá 2 tàbí 3 nínú 100 lọ. Ti igi tuntun yìí lè lé ní ìdá 10. Owó ńlá wọ àpò àwọn ará Họ́láńdì. Mamani ní tirẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n lù ú, ó sì kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a níwájú.

Báwo ni kóníìnì ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí kòkòrò ibà ṣe ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ló ń ní pàǹtírí tó lóró. Ó ní ọgbọ́n tó fi ń di pàǹtírí náà pọ̀ kí ó má bàa ṣe é ní jàǹbá. Kóníìnì ló ń ba ọgbọ́n yẹn jẹ́. Ẹ ro ọjà tí wọn kò kó pàǹtírí rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí gbogbo gọ́tà dí: ta ló lè jókòó níbẹ̀? Pàǹtírí ara rẹ̀ ló ń pa kòkòrò.

Kolorokúìnì tó máa ń mú ara wa yún, irú iṣẹ́ yìí kan náà ló ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ló ṣe é ní 1934. Ó ṣiṣẹ́ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí kòkòrò tó kọ́ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2005, ìjọba Nàìjíríà yọ ọ́ kúrò ní ipò oògùn tí a ó kọ́kọ́ lò fún ibà.

EWÉ KAN LÁTI ILẸ̀ ṢÁÍNÀ

Oògùn tó rọ́pò rẹ̀, inú ewé ló tún ti wá, obìnrin ló sì wà nídìí rẹ̀. Nígbà ogun Vietnam, ibà ń pa àwọn ọmọ ogun ju ìbọn lọ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1967, ìjọba Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣírí kan láti wá oògùn ibà tuntun. Ní 1969, wọ́n fi Tu Youyou ṣe olórí ikọ̀ kan ní Beijing. Ó fi ọmọ rẹ̀ kan sílé ìtọ́jú ọmọ, ó gbé èkejì lọ fún àwọn òbí rẹ̀, ó kọjú sí iṣẹ́.

Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó lọ bá àwọn àgbà oníṣègùn, ó sì ń ka àwọn ìwé àtijọ́. Ó kó oògùn ìbílẹ̀ tó lé ní 2,000 jọ. Nínú wọn ni ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao wà. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó yá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tu Youyou wá padà sí ìwé oníṣègùn kan, Ge Hong, tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn. Ohun tí ìwé náà wí ni pé kí a rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu oje rẹ̀. Kò sọ pé kí a sè é!

Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Iná ló ń ba oògùn inú ewé náà jẹ́. Ó wá fi ohun olómi kan tí kì í fẹ́ iná púpọ̀ yọ oje rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ó pa gbogbo kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí wọ́n dán an wò lára wọn. Ní 1972, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ gbé e mì fúnra wọn, kí wọ́n tó fún aláìsàn kankan. Artemisinin ni orúkọ oògùn náà. Ní 2015, wọ́n fún Tu Youyou ní ẹ̀bùn Nobel, òun àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn.

Iṣẹ́ artemisinin yàtọ̀ sí ti kóníìnì. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ̀jẹ̀, irin á tú sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí artemisinin bá kan irin yìí, bí ìgbà tí iná kan bẹntiróòlù ló ń rí: ó ń jó kòkòrò mọ́ ìdí oúnjẹ tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ara, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti ń jáde lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so oògùn kejì mọ́ ọn, èyí tí ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dà bí ọlọ́pàá tó já wọ ibùba olè, ti èkejì dà bí ọdẹ ọjà tó dúró ṣọ́ ilẹ̀ di òwúrọ̀. Artemether pẹ̀lú lumefantrine, tàbí artesunate pẹ̀lú amodiaquine, tí ẹ ń rí lára páálí oògùn ibà lónìí, àwọn méjì tó ń rìn pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

EWÉ TIWA ŃKỌ́?

Ọlọ́run kò fi tiwa dù wá. Dongoyárò, orúwọ, ahùn, awọ́pa, ewé máńgòrò, ewé ìbépe, efínrín, koríko ọba, ta ni kò mọ̀ wọ́n nínú wa? Àwọn onímọ̀ ti yẹ púpọ̀ nínú wọn wò. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àwọn olùkọ́ nípa oògùn mú mẹ́rin pọ̀: máńgòrò, ahùn, orúwọ àti dongoyárò. Wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ sáyẹ́ǹsì àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ àgbo náà ní MAMA. Wọ́n dán an wò lára eku tó ní ibà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dín kù. Ẹ̀rí nìyí pé àwọn ìyá wa kò kàn ń já ewé lásán.

Ṣùgbọ́n kí a sọ òdodo délẹ̀. Eku kì í ṣe ènìyàn. Ọ̀nà jìn láti ara eku dé ara ọmọ ọdún méjì. Ẹ wo dongoyárò, igi tó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, tí àwọn Hausa fún lórúkọ. Wọ́n rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní gedunin nínú rẹ̀. Nínú ìgò láàbù, ó ń pa kòkòrò ibà. Nígbà tí wọ́n gbé e fún ẹranko mu, agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò lè má dé inú ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ó dé ibẹ̀ ní ìwọ̀nba tí kò lè pa kòkòrò.

ÌWỌ̀N NI Ọ̀RỌ̀ WÀ

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọlọ́jà. Bí ẹnì kan bá lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọ inú, kóńgò ṣì ni à ń pè é, ṣùgbọ́n ìrẹsì tó gbà ti dín. Bí àgbo ṣe rí nìyẹn. Ewé tí a já nígbà òjò kò rí bí èyí tí a já nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èèpo igi tó dàgbà kò rí bíi ti kékeré. Ẹ̀kúnwọ́ tèmi yàtọ̀ sí ẹ̀kúnwọ́ tìrẹ. Ẹnì kan sè é fún ìṣẹ́jú 20, ẹnì kejì gbé e kaná láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ẹnì kan mu ún lọ́jọ́ náà, ẹnì kejì ń gbé e kaná fún ọjọ́ márùn-ún. Ta ló wá lè sọ iye oògùn tó wà nínú ife kọ̀ọ̀kan?

Ewé ilẹ̀ Ṣáínà yẹn náà, bákan náà ni. Artemisinin inú rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú 100 nígbà púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní WHO, fi sọ ní 2019 pé àwọn kò fọwọ́ sí kí a máa fi ewé náà ṣe tíì mu láti wo ibà.

Ewu méjì ló wà nínú ìwọ̀n tí kò tó. Èkíní, kòkòrò tí kò kú tán á tún gbérí. Èkejì, kòkòrò tó bá ti tọ́ oògùn wò díẹ̀díẹ̀ láìkú lè kọ́ bí yóò ṣe borí rẹ̀. Ohun tó ṣe kolorokúìnì nìyẹn. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí artemisinin náà: wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Cambodia, wọ́n sì ti rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ní Rwanda, Uganda, Eritrea àti Tanzania. Bí a bá ba èyí jẹ́, òmíràn kò sí nínú àpò tí a lè tètè fà yọ. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù náà ní ewu tirẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín.

OHUN TÓ YẸ KÍ A MÁA ṢE

1. Kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó lo oògùn. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà. Wọ́n á gún ìka díẹ̀, láàárín bí ìṣẹ́jú 20 èsì ti dé. Ẹ ò ní pàdánù ọjà ọjọ́ náà.

2. Bí ó bá jẹ́ ibà, kí a lo oògùn náà pé ọjọ́ mẹ́ta. Bí ara bá yá lọ́jọ́ kejì, kí a má ṣe tọ́jú ìyókù de ìgbà mìíràn, kí a má sì pín in fún ará ìsọ̀ kejì. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ní lumefantrine, kí a jẹun tó ní epo tàbí wàrà kí a tó lò ó, torí ọ̀rá ló ń gbé e wọ inú ẹ̀jẹ̀.

3. Kí a má ra hóró artesunate nìkan láti fi wo ibà. Láti 2006 ni WHO ti ní kí àwọn tó ń ṣe é ṣíwọ́ títà á bẹ́ẹ̀.

4. Kí a má mu àgbo pọ̀ mọ́ oògùn. Bí ẹ bá sì ti mu àgbo kí ẹ tó dé ọsibítù, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

5. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún àti aláboyún kò gbọdọ̀ fi àgbo dúró de ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n ti rí nọ́ọ̀sì. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu ọyàn, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó jẹ, bí mímí rẹ̀ bá yára, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, ọsibítù lójú ẹsẹ̀! Abẹ́rẹ́ artesunate ló yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, inú ewé kan náà ló sì ti wá.

6. Kí a wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Kí a má ra oògùn tó ń yan nínú oòrùn lórí àtẹ. Ti àgbo inú ìgò ńkọ́? Ẹ ka ara ìgò dáadáa. A máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Nọ́ńbà yẹn kò jẹ́rìí pé ó ń wo ibà.

7. Kí a máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Owó tí kò jáde náà, èrè ni.

Ẹ̀YIN ẸLẸ́WÉ ỌMỌ, Ọ̀RỌ̀ YÍN LÓ KÙ

A kò ní kí ẹ palẹ̀ ọjà yín mọ́. Bí kò bá sí irú yín ní Peru àti ní Ṣáínà, kò ní sí kóníìnì, kò ní sí artemisinin. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ìyá kan bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń jó bí iná dé ìsọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Owó ewé ọjọ́ kan kò tó ẹ̀mí ọmọ, ìyá náà yóò sì tún padà wá rajà lọ́dọ̀ yín.

Bí ẹ bá sì fẹ́ bó èèpo ahùn tàbí awọ́pa, ẹ má bó o yí igi po. Igi tí a bá bó yípo á kú. Ẹ bó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ jẹ́ kí ó sàn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó kàwé nínú ilé kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀: orúkọ ewé, ibi tó ń hù, bí a ṣe ń lò ó. Bí àwọn onímọ̀ bá wá béèrè, ẹ má lé wọn, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ bá wọn. Ẹ mú ọ̀rọ̀ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí a jọ jókòó, kí a kọ ọ́ síwèé ohun tó kàn yín bí ewé yín bá di oògùn lọ́la. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa di Mamani.

Àwọn àgbà ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ní ti ibà, ewé tó kù kan náà ni ìwọ̀n.

Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi ná owó wa.